Ta ló ni afẹ́fẹ́ ìlú yín? Ọ̀rọ̀ lórí àwọn translator FM ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé Amẹ́ríkà tẹ́ ẹ ṣì ń gbọ́ rédíò nínú mọ́tò, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa nígbà tí ilé-iṣẹ́ rédíò bá ń dárúkọ ara ẹ̀. Tí wọ́n bá ti pe àwọn lẹ́tà mẹ́rin tá a mọ̀ mọ́ wọn tán, ẹ lè gbọ́ kí wọ́n yára so òmíì mọ́ ọn, bíi W280 pẹ̀lú lẹ́tà méjì lẹ́yìn ẹ̀. Orúkọ translator nìyẹn, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń tún ohùn ilé-iṣẹ́ rédíò mìíì gbé jáde. W yẹn ń sọ pé ìlà-oòrùn odò Mississippi ló wà (K ni tàwọn tó wà ní ìwọ̀-oòrùn), 280 ni nọ́ńbà ìkànnì, torí wọ́n to ìkànnì FM láti 200 tó jẹ́ 87.9 títí dé 300 tó jẹ́ 107.9, tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀, 280 bọ́ sí 103.9. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ pé FM "tuntun" tí wọ́n ń polówó nílùú wa, irú ẹ̀rọ kékeré yìí ni. Ó pẹ́ tí mo ti ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ wọn, torí pé ọ̀rọ̀ ẹni tó láṣẹ láti lo afẹ́fẹ́ ìlú ni, ó sì kan àwa Yorùbá tá a wà níbí ju bá a ṣe rò lọ.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le. Ìgbì FM kì í yípo òkè, ọ̀nà tààrà ló máa ń tọ̀, ẹni tó bá ti gbé Ìdànrè rí tàbí àárín àwọn òkè Èkìtì á mọ ohun tí mò ń sọ, ilé tó kọjú sí òpó rédíò á gbọ́ ketekete, ilé tó wà lẹ́yìn òkè, ariwo ṣàà ni tiẹ̀. Amẹ́ríkà náà ní irú ibẹ̀ yẹn lọ jàra, ẹ wo Colorado, Utah, Idaho. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á gbé ẹ̀rọ kékeré kan sórí òkè níbi tó ti lè gbọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá yẹn dáadáa, ẹ̀rọ yìí á gba ohùn wọn lórí ìkànnì kan, á wá gbé e jáde lórí ìkànnì mìíì fún àwọn tó wà nísàlẹ̀. Kí ló dé tí wọ́n ń pààrọ̀ ìkànnì? Torí tó bá jẹ́ ìkànnì kan náà, ohùn méjèèjì á máa bára wọn jà níbi tí wọ́n bá ti pàdé. Èyí tó ń lo ìkànnì kan náà wà o, booster ni wọ́n ń pe ìyẹn, àmọ́ inú ibi tí ilé-iṣẹ́ tó ni ín ti ń dún tẹ́lẹ̀ náà ló gbọ́dọ̀ wà, ó sì gba ọgbọ́n gan-an kí wọ́n tó lè tò ó tí ò fi ní da ohùn ọ̀gá ẹ̀ rú.

Ọdún 1970 ni FCC, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìgbohùnsáfẹ́fẹ́ níbí, fàyè gba translator FM. Òfin tí wọ́n fi dè é le, ó sì yẹ kó le. Agbára ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju wáàtì 250 lọ, bẹ́ẹ̀ FM tó tóbi jù lè lo wáàtì 100,000. Kò gbọ́dọ̀ ní ètò tara ẹ̀, ohun tí ilé-iṣẹ́ tó ń gbé bá sọ ni òun náà máa sọ, àfi tí ewu bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ tí wọ́n ní láti kìlọ̀ fáráàlú, àti ìṣẹ́jú-àáyá 30 péré nínú wákàtí kan láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń fowó tì í lẹ́yìn. Ipò kejì ló wà, tó bá ń da ohùn ilé-iṣẹ́ gidi rú, òun ló máa yẹ̀, tí ò bá sì rọ́nà yẹ̀, wọ́n á ní kó pa ẹ̀rọ ẹ̀. Lọ́dún 1990 wọ́n tún le òfin náà sí i: rédíò tó ń ṣòwò ò gbọ́dọ̀ ní translator níbi tí ohùn òun fúnra ẹ̀ ò dé, kò sì gbọ́dọ̀ máa fún ẹlòmíì tó ní translator níbẹ̀ lówó lábẹ́lẹ̀. Wọn ò fẹ́ kí rédíò ìlú ńlá gba ẹ̀yìn wọ ìlú kékeré lọ máa kó owó ìpolówó tó yẹ kó bọ́ sọ́wọ́ rédíò ibẹ̀. Èmi gbà pé òfin yẹn dáa, títí dòní mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀, torí ìlú kékeré tó bá pàdánù rédíò ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa sọ fún wọn pé afárá ti ya tàbí pé àwọn ọmọ ò ní lọ sílé-ìwé lónìí.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan wà tí wọn ò tì. Apá ìsàlẹ̀ FM, láti 88 dé 92, àwọn tí kì í ṣòwò ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún, àwọn yunifásítì, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, rédíò aráàlú. Níbẹ̀, wọ́n gbà kí translator gba ohùn látorí sátẹ́láìtì. Ẹ rò ó wò. Ẹ̀rọ tó yẹ kó wà lórí òkè tó súnmọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń gbé ohùn ẹ̀ ti wá lè wà ní ìpínlẹ̀ tó jìnnà réré sí i. KAWZ, rédíò Kristẹni kan ní Twin Falls ní Idaho, di ohùn tí wọ́n ń gbọ́ láwọn ìlú tí ò mọ ibi tí Twin Falls wà, K-LOVE, rédíò orin ìyìn, náà tan ká lọ́nà yẹn. Mi ò ní nǹkan kan lòdì sí orin ìyìn o, èmi náà ń gbọ́ ọ lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé àyè orí FM ò pọ̀, nílùú ńlá ó ti kún tán pátápátá, gbogbo àyè kékeré tó ṣẹ́ kù tí wọ́n fi ohùn tó wá látọ̀nà jíjìn dí, àyè ẹnì kan tó wà nílùú yẹn gan-an ló lọ.

Ìgbà tọ́rọ̀ wá dójú ẹ̀ ni oṣù Kẹta ọdún 2003. FCC ṣí àyè fún ọjọ́ mélòó kan pé kẹ́ni tó bá fẹ́ translator wá gba fọ́ọ̀mù, owó fọ́ọ̀mù ò sì tó nǹkan. Fọ́ọ̀mù tó wọlé lé ní 13,000! Ẹgbẹ́ méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀, Radio Assist Ministry àti Edgewater Broadcasting, ti tiwọn nìkan lé ní 4,000. Nígbà tí àṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, wọ́n ń ta lára àwọn tí wọ́n rí gbà fáwọn ẹlòmíì. Òfin ìgbà yẹn ò sọ pé iye fọ́ọ̀mù báyìí ni ẹnì kan lè gbà, torí náà mi ò lè pè wọ́n ní arúfin. FCC ló yẹ kó ti mọ̀ pé tó o bá ṣí ọjà láìsọ iye téèyàn lè kó, ẹni tó ní ọkọ̀ ńlá ló máa kó gbogbo ẹ̀ lọ.

Ẹ sì wo ẹni tó fara gbá a. Ní oṣù Kìíní ọdún 2000, ọdún mẹ́ta péré ṣáájú ìgbà yẹn, FCC ti dá irú rédíò kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní LPFM, wáàtì 100, fáwọn ẹgbẹ́ tí kì í ṣòwò, àwọn ará àdúgbò, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kékeré, àwọn àgbẹ̀, kí wọ́n máa fi ẹnu ara wọn sọ̀rọ̀ ara wọn. Inú àwọn rédíò ńlá ò dùn sí i, wọ́n lọ bá ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kí ọdún yẹn tó parí wọ́n ti ṣòfin tó ti LPFM kúrò nínú ọ̀pọ̀ ìlú ńlá, wọ́n ní ó máa da ohùn àwọn rú. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lọ yẹ̀ ẹ́ wò, àbájáde tó wá lọ́dún 2003 ni pé ìdàrú yẹn ò tó nǹkan. Nígbà tí àwọn LPFM wá ń dúró síta báyìí, translator ń gba àyè náà lọ. Translator lè lo wáàtì 250, LPFM ò lè kọjá 100, tí òpó ẹ̀ bá sì ga ju nǹkan bíi mítà 30 lọ wọ́n á tún gé agbára yẹn kù. Ẹni kan lè ní translator rẹpẹtẹ, ẹgbẹ́ LPFM, ẹyọ kan ṣoṣo. Èwo ló ń sọ ọ̀rọ̀ ìlú nínú àwọn méjèèjì? Ibi tó ń bí mi nínú nìyẹn, ó ṣì ń bí mi nínú di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn kan jà fún un ṣá. Prometheus Radio Project ní Philadelphia wà lára àwọn tó pariwo jù, wọ́n kọ̀wé sí FCC lọ́dún 2005 pé kí wọ́n dá gbogbo àṣẹ translator yẹn dúró, FCC sì dá a dúró lóṣù Kẹta ọdún náà. Lọ́dún 2007 wọ́n ní fọ́ọ̀mù mẹ́wàá péré lẹnì kan lè mú dání nínú èyí tó ṣẹ́ kù, ìyẹn náà di awuyewuye, nígbà tó di 2012 wọ́n sún un sí 50 jákèjádò orílẹ̀-èdè. Láàárín ìyẹn, ní January 4, 2011, Ààrẹ Obama ti fọwọ́ sí òfin tó tú LPFM sílẹ̀, tó sì sọ fún FCC pé tí wọ́n bá ń pín àṣẹ, LPFM náà gbọ́dọ̀ ráyè tirẹ̀. Ọdún 2013 ni wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún LPFM padà. Ẹ ka iye ọdún tó wà láàárín 2000 sí 2013 kẹ́ ẹ wá rò ó pé ẹgbẹ́ àdúgbò tó ti múra sílẹ̀, ṣé àwọn èèyàn yẹn ṣì máa wà níbẹ̀? Àwọn kan ti kó lọ, àwọn kan ti kú.

Ó ní ibi tí translator ti ṣe dáadáa o, mi ò ní fi ìyẹn pa mọ́, ibẹ̀ ló sì kàn wá jù. Ọ̀rọ̀ AM ni. Tílẹ̀ bá ti ṣú, ìgbì AM máa ń lọ jìnnà réré, ó máa ń gbéra lọ sókè, afẹ́fẹ́ òkè lọ́hùn-ún á dá a padà sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ mìíì, torí náà òfin ní kí ọ̀pọ̀ AM kékeré dín agbára kù tàbí kí wọ́n kúrò lórí afẹ́fẹ́ pátápátá tí oòrùn bá wọ̀. Orí irú AM bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ètò àwa Yorùbá tí mo mọ̀ nílẹ̀ yìí wà, torí ibẹ̀ ni wákàtí ti ṣeé rà. Ètò Yorùbá kan wà níbi tí mò ń gbé, ọjọ́ Sátidé, tó bá ti di oṣù Kejìlá tí oòrùn ń wọ̀ kí aago márùn-ún tó lù, atọ́kùn á ṣì máa kí ìyá ọlọ́jọ́ ìbí lọ́wọ́, á ti máa ki oríkì lọ, ohùn á kàn pa lójijì. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bi ilé-iṣẹ́ náà, òfin ló sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ lọ sọ ìyẹn fún màmá tó ti ń dúró látàárọ̀ kí wọ́n lè gbọ́ orúkọ ọmọ wọn.

Ìdí nìyẹn tínú mi fi dùn sí ohun tí FCC ṣe lọ́dún 2009, wọ́n gbà kí AM máa lo translator FM ní ibi tó bá ti wà láàárín agbègbè tí AM ọ̀hún ti ń dún lọ́sàn-án, tí ò sì jìnnà ju máìlì 25 sí òpó ẹ̀. AM tí òfin ní kó kúrò nírọ̀lẹ́, wọ́n jẹ́ kó máa bá ètò lọ lórí FM yẹn mọ́jú. Fún ìlú kékeré, ohun ńlá nìyẹn, bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ ilé-ìwé alẹ́ Fráídè, ìròyìn yìnyín kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ẹ̀ padà sórí rédíò. Ní 2015 wọ́n tún fẹ̀ ẹ́, wọ́n ní láti ìparí oṣù Kìíní 2016, AM lè ra translator níbi tó jìnnà tó máìlì 250 kó sì gbé e wálé, àwọn tó kéré jù nínú AM ni wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn, nígbà tó di 2017 àti 2018 wọ́n ṣí àyè fún tuntun. Ẹ wo bí ayé ṣe ń yí: àwọn fọ́ọ̀mù 2003 yẹn tó ti wà nínú igbó, tẹ́nì kankan ò wojú wọn, ni wọ́n wá di ọjà tí gbogbo AM ń du. Ètò Yorùbá tí mò ń sọ yẹn náà rí ibùgbé lórí FM nígbà tí AM rẹ̀ gba translator, kò pa mọ́ nírọ̀lẹ́, ohùn ẹ̀ mọ́ gaara. Wáàtì 250 náà ni ṣá, téèyàn bá ti wakọ̀ jáde nílùú díẹ̀, rédíò mìíì á ti gorí ẹ̀. Síbẹ̀ àwọn àgbà wa tí ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí app lórí fóònù ń yí bọ́tìnnì rédíò, wọ́n ń gbọ́ èdè wọn. Ẹni tó bá ní rédíò ti kú, kó wá bi wọ́n.

Ibi tí èmi àti òfin yìí ò ti fohùn ṣọ̀kan ni ọ̀rọ̀ HD, ìyẹn rédíò oní díjítà. Ilé-iṣẹ́ FM ńlá lè gbé ètò kejì àti ìkẹta pamọ́ sínú ìgbì ẹ̀, HD2, HD3, rédíò lásán ò lè gbọ́ ọ. Tí wọ́n bá wá gba translator kan, tí wọ́n fi gbé HD2 yẹn jáde lórí FM lásán, ó di pé wọ́n ní ilé-iṣẹ́ tuntun láàárín ìlú, pẹ̀lú orúkọ tiẹ̀, ìpolówó tiẹ̀, òpó tó ga fíofío. Òfin ọdún 1996 sọ pé ilé-iṣẹ́ mẹ́jọ ni ẹnì kan lè ní nílùú tó tóbi jù, kò sì gbọ́dọ̀ ju márùn-ún lọ lórí FM tàbí lórí AM. Translator ò sí nínú kíkà yẹn. Ẹni tó ti ní márùn-ún á tún fi HD pẹ̀lú translator ní ẹ̀kẹfà àti ẹ̀keje, kò sì rú òfin kankan. FCC mọ̀, wọ́n fàyè gbà á. Èmi rò pé tí translator bá ti ń gbé HD2 tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò lè gbọ́ níbòmíì, ilé-iṣẹ́ nìyẹn, kí wọ́n kà á mọ́ iye tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ó tán.

Nígbà tí translator pọ̀ tó báyìí, ìjà náà pọ̀. Tẹ́lẹ̀, tí translator bá ń bo rédíò tí ẹ̀ ń gbọ́, ẹnì kan ṣoṣo lè kọ̀wé kí wọ́n sì ní kí translator yẹn wá nǹkan ṣe. Ní 2019 wọ́n yí i padà. Ó ti di pé olùgbọ́ tó máa kọ̀wé gbọ́dọ̀ tó mẹ́fà ó kéré tán, ó lè dé 25 tí èrò bá pọ̀ níbi tí translator ti ń dún, ẹni tó kọ̀wé gbọ́dọ̀ sọ pé òun ń gbọ́ rédíò náà ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ wọn tàbí mọ̀lẹ́bí wọn, ó sì gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ọ níbi tí ohùn ẹ̀ ṣì lágbára dé ìwọ̀n kan. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn ààlà yẹn, kódà kó ti ń gbọ́ rédíò náà láti ìgbà èwe ẹ̀, wọn ò ní gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀. Wọ́n gba translator láàyè láti sá lọ sí ìkànnì èyíkéyìí tó bá rí láti fi yanjú ìjà, ìyẹn dáa gan-an, torí tẹ́lẹ̀ ìkànnì tó wà nítòsí nìkan ni wọ́n lè sún lọ, ọ̀pọ̀ ló sì kú torí ìyẹn. Àmọ́ àwọn àgbẹ̀ àti àwọn awakọ̀ tí wọ́n wà lẹ́yìn ààlà, mo ṣàánú wọn.

Nílé wa, ohun tí wọ́n ń lé nínú ọ̀rọ̀ gbígbé ohùn ẹlòmíì yàtọ̀. Lọ́dún 2004, NBC, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìgbohùnsáfẹ́fẹ́ ní Nàìjíríà, ní kí àwọn rédíò ibẹ̀ yé gbé ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè sáfẹ́fẹ́ ní tààrà, ohun tí wọ́n ń gbé ló ká NBC lára. Ní Amẹ́ríkà, gbé ohun tó wù ọ́, ọ̀rọ̀ ibi tó o ti gbé e àti ẹni tó ń sanwó ẹ̀ ni òfin ń bi ọ́. Èmi fẹ́ràn ti Amẹ́ríkà jù, ìdí sì ni pé ẹni tó ń béèrè "ta ló ni ín?" lè dáàbò bo ìlú láìfọwọ́ bo ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Nǹkan tuntun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù Kẹrin ọdún 2024 ni pé FCC gbà kí booster máa sọ ohun tó yàtọ̀ sí ti ọ̀gá ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta nínú wákàtí, kí wọ́n lè máa ta ìpolówó ọjà àdúgbò. Tí booster bá lè rí ìṣẹ́jú mẹ́ta nítorí ìpolówó, kí ló dé tí translator tó wà ní àfonífojì kan, tó ń gbé ohùn ìlú mìíì, ò lè rí ìṣẹ́jú mẹ́ta láti ka ìròyìn ìlú tó wà, ta ló kú, ta ló bímọ, títì wo ni wọ́n dí? Ìṣẹ́jú-àáyá 30 fún ọpẹ́ owó nìkan ò tó. Èyí ni mo fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rédíò aráàlú gbé lọ bá FCC.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ìlú, ẹgbẹ́ Yorùbá àti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí wa tẹ́ ẹ̀ ń ra wákàtí kan lọ́sẹ̀ lórí AM olóhun, ọ̀rọ̀ yín ló kàn. Oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni FCC ṣí LPFM gbẹ̀yìn, ilẹ̀kùn yẹn ti tì, tí wọ́n bá tún máa ṣí i, ọjọ́ díẹ̀ péré ló máa ń jẹ́, ìgbà yẹn kọ́ lèèyàn ń sáré lọ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹ yáa forúkọ ẹgbẹ́ yín sílẹ̀ báyìí ní ìpínlẹ̀ yín gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tí kì í ṣòwò. Ẹ rí i pé ọ́fíìsì yín, tàbí ilé mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ìgbìmọ̀ yín, ò jìnnà ju máìlì mẹ́wàá síbi tí òpó yín máa wà tó bá jẹ́ ìlú ńlá, tàbí 20 tó bá jẹ́ ìlú kékeré. Ẹ wá onímọ̀ ẹ̀rọ tó máa bá yín wo ìkànnì tó ṣófo. Ohun tọ́pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀ ni pé LPFM náà lè ní translator tiẹ̀, méjì, bó bá ṣáà ti wà nítòsí tó sì ń gba ohùn LPFM yẹn tààrà látinú afẹ́fẹ́. Láàárín ìyẹn, ẹ kọ orúkọ translator tẹ́ ẹ bá gbọ́ lórí rédíò sílẹ̀, W tàbí K, nọ́ńbà mẹ́ta, lẹ́tà méjì, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú ibi tí FCC ti ń jẹ́ kéèyàn wá ilé-iṣẹ́ FM lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò gba owó, ẹ máa rí ẹni tó ni ín àti ilé-iṣẹ́ tó ń gbé ohùn ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i pé HD2 ẹnì kan ni, ẹ kọ ọ́ síbi comment nísàlẹ̀ kí n mọ̀, mò ń kó wọn jọ.